Ẹ yéé bi mí pé ṣé 4K ni, bitrate ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi mí

Gbogbo ẹni tó bá ti fẹ́ kí n bá òun ya fídíò ìnáwó, bó ṣe ìgbéyàwó ni o, bó ṣe òkú àgbà ni o, bó ṣe ìṣílé ni o, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu wọn ká tó dúnàádúrà tán: "Bọ̀dá fídíò, ṣé 4K lẹ máa fi yà á?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni mà, 4K ni, torí kámẹ́rà mi ń ya 4K lóòótọ́, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Àmọ́ látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí n'Íbàdàn níbí, mi ò tíì pàdé ẹnì kan tó bi mí pé bitrate ẹ̀, ìyẹn iye dátà tí sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan fídíò ń gbà, máa jẹ́ mélòó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà o. Bitrate ló máa sọ bóyá iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára aṣọ òkè màmá ìyàwó á hàn fínnífínní lórí tífí àbí á kàn ṣe bàìbàì, tí wọ́n á wá máa sọ pé kámẹ́rà mi ni ò dáa.

Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tẹ́nì kan bá tún bi mí, lìǹkì ni màá fi ránṣẹ́, màá máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Ká ti orí resolution bẹ̀rẹ̀ torí òun lẹ mọ̀ jù. Kì í ṣe nǹkan kan ju iye pixel tó wà nínú àwòrán lọ, pixel sì ni àwọn àmì tóótòòtó aláwọ̀ tí wọ́n tò jọ tó fi di àwòrán. 1080p tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, 1920 ló wà ní ìbú, 1080 lóòró, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 2,073,600, mílíọ̀nù méjì ó lé díẹ̀. 720p ò tiẹ̀ pé mílíọ̀nù kan, 921,600 ni. 4K tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yìí, 3840 lọ́nà 2160, ìyẹn 8,294,400. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, 1080p mẹ́rin gééré ló wà nínú 4K kan.

Fídíò wá jẹ́ àwòrán tó ń sáré tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn là ń pè ní frame, tiwa níbí sábà máa ń jẹ́ 25 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Pixel kọ̀ọ̀kan gbé àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù dání, bit mẹ́jọ mẹ́jọ (bit ni 0 tàbí 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nǹkan), 24 lápapọ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 2,073,600 lọ́nà 24 lọ́nà 25. Ó ju bit bílíọ̀nù kan lọ ní sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo, wákàtí kan ẹ̀ á gba nǹkan bíi 560GB. 1080p lásán nìyẹn o, a ò tíì dé 4K. Páàtì tó bẹ̀rẹ̀ laago mẹ́wàá àárọ̀ tí wọ́n ṣì ń jó laago mẹ́rin ńkọ́? Ta ló fẹ́ ra hard disk yẹn?

Torí ẹ̀ ni ò fi sí fídíò kankan lórí fóònù ẹ tí wọn ò tíì fún pọ̀. Bitrate ni iye bit tí sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan ṣì ní lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fún fídíò ọ̀hún pọ̀ tán. Tí mo bá gbé 1080p jáde ní 8 Mbps, ìyẹn bit mílíọ̀nù mẹ́jọ ní sẹ́kọ́ńdì, wákàtí kan á jẹ́ 3.6GB. Láti 560 wá sí 3.6! Ohun tí wọ́n dà nù níbẹ̀ ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ojú ò sì fura. Èmi ṣì máa ń ya ẹnu tí mo bá rántí ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dà á nù tí a ò fi mọ̀? Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí, ẹ ní sùúrù fún mi.

Àkọ́kọ́, ojú èèyàn mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn ju bó ṣe mọ àwọ̀ lọ. Wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún pixel kọ̀ọ̀kan, àmọ́ pixel mẹ́rin á máa pín àwọ̀ ẹyọ kan lò. Tẹ́ ẹ bá ti rí gèlè pupa fòò nínú fídíò rí tí etí ẹ̀ ń jò sára ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀, tó dà bíi pé pupa yẹn ò dúró sójú kan, ibẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe gèlè ló ṣẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á pín àwòrán sí búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù. H.264, ìlànà ìfúnpọ̀ (codec) tó ti wà láti 2003 tó ṣì gba gbogbo fóònù kan yìí, búlọ́ọ̀kù pixel 16 lọ́nà 16 ló ń lò. Dípò kó máa tún gbogbo àwòrán kọ ní ìgbà 25 ní sẹ́kọ́ńdì, á kọ ọ̀kan tán pátápátá, òun là ń pè ní keyframe, àwọn tó tẹ̀ lé e, ohun tó yí padà nìkan ló máa kọ: búlọ́ọ̀kù yìí ti sún sọ́tùn-ún díẹ̀, èyí ò kúrò níbi tó wà, èyí jọ ti frame tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe ségesège lẹ́ẹ̀kan tí keyframe kan sì sọnù, ojú èèyàn á wá máa rìn lórí ara ẹlòmíì fún bíi sẹ́kọ́ńdì mélòó kan kí nǹkan tó tò, torí ẹ̀rọ ń sún búlọ́ọ̀kù kiri láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ló ń ba nǹkan jẹ́. Kínníkínní tó wà nínú búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ ọ́ di nọ́ńbà, wọ́n á wá gé àwọn nọ́ńbà yẹn kù. Tí bit bá wà dáadáa, wọ́n á gé e díẹ̀, ojú ò ní mọ̀. Tí bit ò bá tó, gígé yẹn á le, kínníkínní á pòórá, búlọ́ọ̀kù odindi á di àwọ̀ kan gbàràgadà, òun lẹ̀ ń rí tí onígun mẹ́rin kéékèèké ń gbọ̀n káàkiri ojú tífí. Ó tún máa ń hàn nínú òkùnkùn, ẹ wo ìran alẹ́ nínú fíìmù tí wọ́n gbé sórí ayélujára, ibi tí babaláwo ń rìn nínú igbó lóru, ara òkùnkùn yẹn á máa hó ní ìpele ìpele, torí encoder, ètò tó ń fún fídíò pọ̀, ti rò pé kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀, ó sì gé e ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ wá fi gbogbo eléyìí wo páàtì Yorùbá.

Pásítọ̀ dúró lẹ́yìn pọ́ọ́pìtì, ó ń wàásù fún ìyàwó àti ọkọ, kámẹ́rà wà lórí tripod, ògiri ò mira, òdòdó ò mira, ẹnu pásítọ̀ àti ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. 2 Mbps á gbé 1080p yẹn, á sì mọ́ gaara. Kò sí ohun tuntun tí encoder fẹ́ kọ, á kàn máa sọ fún gbogbo búlọ́ọ̀kù pé dúró síbi tóo wà.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí ìyàwó àti ọkọ máa jó wọlé. Alága ìdúró ń pariwo, èéfín ń jáde nílẹ̀, DJ ti tan iná aláwọ̀ mèremère tó ń yí gìrìgìrì, confetti ń já bọ́ látòkè, lace tó ní òkúta ń tàn yanranyanran, ìka onílù ò ṣeé fojú bá, ìyá ìyàwó ń ná náírà tuntun, ìwé kọ̀ọ̀kan ń yí bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀. (Mo mọ̀ pé òfin CBN ti 2007 ò gbà kéèyàn máa ná owó mọ́ ẹnìkan lára bẹ́ẹ̀, EFCC náà sì ti ń gbé àwọn èèyàn lọ ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀, tèmi ni pé encoder gan-an ò fẹ́ràn ẹ̀.) Kò sí búlọ́ọ̀kù kan tó jọ ti frame tó ṣáájú. Iná bá yí láti búlúù sí pupa, gbogbo ojú àwòrán yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. 2 Mbps tó gbé wáàsù láìlàágùn, tó bá dé ibí yìí, fífọ́ ló máa fọ́ yángá, bẹ́ẹ̀ ibí yìí gan-an ni gbogbo ẹbí fẹ́ wò, kò sẹ́ni tó ń dá wáàsù padà láti tún un wò.

Ó tún kù díẹ̀. Àwọn gbọ̀ngàn wa kan ṣókùnkùn, tí iná ò bá tó, kámẹ́rà á gbé ISO sókè, ìyẹn bó ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, àwòrán á wá kún fún èérún èérún tó ń jó káàkiri. Èérún yẹn ò ní ìlànà, ti frame yìí ò jọ ti frame tó tẹ̀ lé e, encoder á wá máa náwó lórí ìdọ̀tí, bit tí ì bá fi ya ojú ìyàwó, orí ìdọ̀tí ló ń lọ. Ìdí tí mo fi ń bá àwọn èèyàn jà lórí owó iná nìyẹn o. Wọ́n á ní "ẹ má dààmú, iná gbọ̀ngàn tó". Kò tó, ẹ̀gbọ́n mi, kò tó rárá.

Ọ̀nà tí èmi ń gbà mọ̀ bóyá bit tó rèé. Mú bitrate, fi iye pixel tó wà nínú frame kan pín in, tún fi iye frame inú sẹ́kọ́ńdì kan pín èyí tó kù. Ohun tóo bá rí ni iye bit tó kan pixel kọ̀ọ̀kan. 1080p ní 8 Mbps, frame 25, ó máa fún ẹ ní nǹkan bíi 0.15. Gbé 8 Mbps kan náà fún 4K, ó di 0.04. Bíi kéèyàn se ọbẹ̀ fún ogún àlejò kí ọgọ́rin wá dé, omi náà lo máa bù sí i, ìkòkò á ṣì kún, ẹnu ló máa mọ̀. Òótọ́ ni pé 4K ò fi dandan gba ìlọ́po mẹ́rin gééré, torí pixel tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ẹ̀ jọra ju ti 1080p lọ, encoder á rí ibi tó ti máa fi díẹ̀ pa mọ́, àmọ́ iye kan náà ò lè tó o láéláé. Tẹ́ ẹ bá ní bit kan tí ò ju báyìí lọ, ẹ dín pixel kù, àwòrán á rọ̀ díẹ̀ ni, kò ní fọ́. Fífọ́ ló burú. Ojú èèyàn ń fàyè gba àwòrán tó rọ̀, búlọ́ọ̀kù tó ń gbọ̀n ló máa ń dá a lágara.

Ẹ wá má lọ rò pé bitrate nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ á rántí VCD tí gbogbo fíìmù Yorùbá fi ń jáde nígbà kan. Ìlànà tí wọ́n ṣe VCD sí ní 1993 ò gba jíjà: 352 lọ́nà 288, frame 25, àwòrán 1,150 kbps (ìyẹn 1.15 Mbps), ohùn 224 kbps. Kò sí pé ìran yìí le kí n fún un sí i, ohun kan náà ni gbogbo sẹ́kọ́ńdì ń gbà. Torí bitrate ẹ̀ ò lè yí padà, dísìkì kan ò lè gbà ju bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lọ, fíìmù tó bá gùn jùyẹn ní láti bọ́ sórí dísìkì kejì. Tẹ́ ẹ bá wá ṣírò bit tó kan pixel kọ̀ọ̀kan nínú VCD, ẹ máa rí 0.45! Ó fi ìlọ́po mẹ́ta ju 1080p tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lọ. Kí ló wá dé tí VCD fi ṣe bàìbàì? Ìdí méjì ni. Pixel ẹ̀ ò ju 101,376 lọ, kò sí bí wọ́n ṣe lè bọ́ ọ yó tó, kínníkínní tí ò sí níbẹ̀ ò lè jáde. Ìkejì, MPEG-1, codec tó ń lò, ti gbó, kò mọ ọgbọ́n tí àwọn tòde òní mọ̀, bit tí H.264 máa fi ṣe nǹkan ńlá, fífi ṣòfò ni MPEG-1 á máa fi ṣòfò. Resolution ló sọ ibi tí mímọ́ àwòrán lè dé, bitrate àti codec ló máa sọ bóyá ó débẹ̀.

Ẹ tún rántí àwọn dísìkì "10 in 1" àti "20 in 1" tí wọ́n ń tà lójú títì nígbà tí DVD dé? Owó fíìmù kan, fíìmù mẹ́wàá! Ìṣirò ẹ̀ rèé. DVD alápá kan, 4.7GB. Fíìmù mẹ́wàá, ká ní wákàtí kan ààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa kan sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan ò tó 0.7 Mbps, àwòrán àtohùn lápapọ̀. Ìyẹn ò ju nǹkan bí ìdajì VCD tí wọ́n ní ó ti di ti àtijọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ DVD tó jẹ́ ojúlówó láyè láti lo tó 9.8 Mbps fún àwòrán nìkan. Wọ́n ti kọ bitrate sára páálí fún wa, a ò mọ̀ ọ́n kà ni: bí nọ́ńbà tó wà níwájú "in 1" bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán á ṣe burú tó.

Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ yìí jù lágbàáyé ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí owó wọn ló wà níbẹ̀. Netflix gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní December 2015 tí mo máa ń ní káwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ kà. Wọ́n fi àtẹ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ hàn níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé 1,050 kbps ló lè gbà, 640 lọ́nà 480 ni wọ́n ń fún un. Tó bá dé 1,750, 720 lọ́nà 480. Ó di 2,350 kó tó rí 720p, ó di 4,300 kó tó fojú kan 1080p, òkè pátápátá jẹ́ 5,800. Ẹ rí i pé àwọn gan-an ò kó 1080p fún ẹni tí ò ní ju 2 Mbps lọ. Wọ́n mọ̀ pé 480p tó yó dáa ju 1080p tí ebi ń pa lọ, kódà kí tífí ẹ tóbi bí ilẹ̀kùn.

Ohun tuntun tí wọ́n wá sọ lọ́dún yẹn ni pé àtẹ kan ò lè bá gbogbo fíìmù mu. Cartoon tó jẹ́ àwọ̀ pẹrẹsẹ pẹrẹsẹ lè jẹ́ 1080p tó mọ́ láìgba bit púpọ̀, fíìmù ìjà tó kún fún èérún kámẹ́rà, 5,800 gan-an lè má tó o. Wọ́n wá ń mú fíìmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún un pọ̀ ní oríṣiríṣi resolution àti bitrate, wọ́n á wò ó: tí bit bá kéré, èyí tó kéré ló ń ṣíwájú bí wọ́n tiẹ̀ nà án gùn lójú tífí, tí bit bá ń pọ̀ sí i, ó ń dé ibì kan tí èyí tó tóbi á wá kọjá ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kọjá ara wọn yẹn ni kéèyàn wá. Ibẹ̀ ò dúró sójú kan, ti wáàsù yàtọ̀ sí ti ijó, ohun tí mo ń sọ látẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi, ṣé ẹ rántí March 2020, nígbà tí Corona lé gbogbo èèyàn sílé? Wọ́n bẹ Netflix ní Yúróòpù pé kó dín ẹrù íntánẹ́ẹ̀tì kù, ó sì ní òun á dín in kù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún fún 30 ọjọ́. Ẹ wá wo ọgbọ́n tí wọ́n dá: wọn ò sọ 4K di HD. Ẹni tó sanwó 4K ṣì ń rí 4K, nínú resolution kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti yọ àwọn bitrate tó ga jù kúrò. Orúkọ ò yí padà, bit ló dín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí pé ṣé 4K ni, ṣé ẹ ti ń gbọ́?

YouTube náà ní tiẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kéèyàn fi gbé fídíò wá ni 5 Mbps fún 720p, 8 fún 1080p, 35 sí 45 fún 4K, tó bá jẹ́ frame 24 sí 30. Kóo gbé e wá tán, wọ́n á tún fún un pọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, èyí tóo gbé wá kọ́ ni èèyàn ń wò. Ohun kan tí àwa tó ń gbé fídíò síbẹ̀ ti mọ̀ láàárín ara wa ni pé tóo bá na 1080p ẹ gùn sí 4K kóo tó gbé e lọ, ó máa ń mọ́ ju kóo gbé 1080p lásán lọ, kódà lójú ẹni tó ń fi fóònù wò ó, bẹ́ẹ̀ kò sí kínníkínní tuntun kan tó wọ inú ẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé bitrate tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún 4K pọ̀ ju ti 1080p lọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tẹ́nì kan ń sọ pé 4K mọ́ jù lórí YouTube, òótọ́ ló sọ, bit tó bá 4K wá ló ń yìn.

WhatsApp wá ni ìjà mi gan-an. Àǹtí ìyàwó wà ní London, kò rí fìsà wá, ó ní kí n fi ijó ìwọlé ránṣẹ́ sí òun kíákíá. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọjọ́ pẹ́ tí WhatsApp fi ń wọn fídíò mọ́ 16MB, tẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta pín 16MB, 0.7 Mbps ló kù, ohùn wà nínú ẹ̀ o. Ní 1080p, bit tó máa kan pixel ò tó 0.014, yẹ̀yẹ́ ni. Ní 480p ó máa di 0.07, ìyẹn ṣeé bá ṣeré. Ní 2023 wọ́n fi HD kún un, 720p ni, ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, ẹ má gba ibi tí wọ́n ń gbà yan fídíò. Láti 2022 ó ń gba fáìlì tó tó 2GB, kò sì ní fọwọ́ kàn án, bó ṣe kúrò lọ́wọ́ mi ló máa dé London. Dátà tiẹ̀ ló máa jẹ o, ìyẹn ò kàn mí.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ pátápátá ni kí àǹtí yẹn wá gbé e sí status, kí ẹlòmíì gbà á lórí status, kó gbé e sí Facebook, kí ẹnì kẹta tún ti Facebook gbé e lọ TikTok. Ibi kọ̀ọ̀kan tó dé ni wọ́n ti ń fún un pọ̀ lọ́tun, encoder tuntun ò sì mọ̀ pé onígun mẹ́rin tó ń rí kì í ṣe ara lace, á máa fi bit tó ní tọ́jú ìbàjẹ́ tí èyí tó ṣáájú ti ṣe. Tó bá padà dé WhatsApp ẹbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n á ní èmi ni mo ya ìranù.

Báwo lèmi ṣe ń ṣe é? Master, ìyẹn ẹ̀dà tó dáa jù tí mò ń tọ́jú, mò ń lo x264, encoder tó ń ṣe H.264, pẹ̀lú CRF. CRF ò ní kóo yan bitrate, bí àwòrán á ṣe dáa tó lo máa yàn, láti 0 dé 51, nọ́ńbà tó bá kéré ló dáa jù, 23 ni wọ́n bá wá láti ilé, èmi ń lo 18. Wáàsù á gba díẹ̀, ijó á gba púpọ̀, encoder fúnra ẹ̀ ló máa pín in. Àwọn tó ń yan CBR, tí wáàsù àti ijó ń gba iye kan náà, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wá, àfi tó bá jẹ́ pé wọ́n ń ṣe live.

Ti flash drive ni mo ti máa ń ronú jinlẹ̀. Tífí púpọ̀ nílé àwọn àgbà, FAT32, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí flash, nìkan ni wọ́n ń kà, FAT32 ò sì gba fáìlì kan tó bá ju 4GB lọ. Fídíò wákàtí méjì ní 8 Mbps, 7.2GB nìyẹn, kò lè wọlé. Ẹlòmíì á gé e sí méjì, bàbá ò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ èkejì. Èmi máa ń wá sí 4 Mbps, two-pass, ìyẹn kí encoder wo fídíò lẹ́ẹ̀mejì, kí ìwọ̀n ẹ̀ má bàa yẹ̀, á jẹ́ bíi 3.8GB pẹ̀lú ohùn, màá sì sọ ọ́ di 720p. Bit tó kan pixel á ṣì wà ní 0.17. Tí mo bá fi 1080p sílẹ̀ ní 4 Mbps yẹn, 0.08 ni, ijó á fọ́. Mo ti fi méjèèjì hàn àwọn èèyàn lórí tífí kan náà láìsọ èwo ni èwo, 720p ni wọ́n sábà máa ń mú. Tí mo bá wá sọ fún wọn pé 720p ni wọ́n mú, inú ẹlòmíì á bàjẹ́, wọ́n á ní kí n fún àwọn ní "HD tó pé". Ó dáa mà.

H.265 ńkọ́? Ó dáa gan-an, ó lè fi nǹkan bí ìdajì bit ṣe ohun tí H.264 ń ṣe, àmọ́ tífí àti laptop àtijọ́ kan ò ní ṣí i, kò sì sí ohun tó ń dójú tini bíi kí ẹbí jókòó tán kí tífí kọ "format not supported". Fóònù ńlá ti ń fi ya fídíò tipẹ́. Ẹ wo Settings iPhone, níbi tí wọ́n ti ń yan resolution, Apple fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀: 1080p frame 30, nǹkan bíi 60MB ní ìṣẹ́jú kan, 4K frame 30, bíi 170MB. Tẹ́ ẹ bá yí i padà, 8 Mbps àti bíi 23 Mbps ni. Ẹ rí i pé wọ́n sọ 4K di ńlá, wọ́n sì sọ bit ẹ̀ náà di ńlá.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ mọ ti fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò nílò app kankan. Ẹ mú ìwọ̀n fáìlì ní MB, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ, ẹ fi iye sẹ́kọ́ńdì tó gùn tó pín in, Mbps nìyẹn. Lórí Windows, ẹ fi right-click mú Properties, ẹ lọ sí Details, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹnì kan gbé fáìlì wá bá mi pé kí n bá òun wò ó, wọ́n ní 4K ni wọ́n fún òun, wákàtí méjì, 1.8GB. 2 Mbps. Wọn ò purọ́ fún un, 3840 lọ́nà 2160 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ní kó padà lọ bèèrè master, ẹni tó yà á ní òun ti pa á rẹ́ kí ààyè lè wà lórí hard disk òun.

Tèmi, oṣù mẹ́ta ni mò ń tọ́jú master. Ẹni tó bá fẹ́ tiẹ̀ kó gbé hard disk wá kí oṣù mẹ́ta yẹn tó pé, 500GB tó, mi ò ní gba owó lórí ẹ̀.